Prẹ́ẹ̀sì tọ́rẹ́ẹ̀tì fún títún ọta ṣe nílé: èwo ló yẹ yín, kí lẹ sì lè yí padà lára rẹ̀?

Prẹ́ẹ̀sì tọ́rẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ àfọwọ́fà tí wọ́n fi ń tún ọta tí wọ́n ti yìn ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ihò tí wọ́n ń wé irinṣẹ́ bọ̀ lórí rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti Lee ní mẹ́rin, ti RCBS ní mẹ́fà, ti Redding ní méje, Lyman tiẹ̀ ní ọ̀kan tó ní mẹ́jọ. Bí ihò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkàn máa ń fà sí i, tí owó náà sì ń gòkè. Èmi kì í fi iye ihò yan prẹ́ẹ̀sì. Irú ọta tẹ́ ẹ fẹ́ máa tún ṣe ni ká kọ́kọ́ mọ̀: ṣé ti ìbọn ìléwọ́ ni, àbí ti ráífù? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá prẹ́ẹ̀sì tó ń yí orí fúnra rẹ̀ ló yẹ yín, tàbí èyí tẹ́ ẹ ó máa fọwọ́ yí. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, yíyàn tó kù ò le mọ́.

Fún ẹni tí iṣẹ́ yìí ṣì ṣàjèjì sí, bó ṣe ń lọ rèé. Tí wọ́n bá ti yin ìbọn, orí ọta ti lọ, ẹ̀tù ti jóná, káàpù tó wà nídìí rẹ̀, tó ń tanná ran ẹ̀tù, ti bú, ṣùgbọ́n ìkarahun idẹ ṣì wà, ó sì ṣeé tún lò. Dáì ni irinṣẹ́ oníhò tí wọ́n ń ti ìkarahun bọ̀. Dáì àkọ́kọ́ á fún ìkarahun náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀, á sì ti òkú káàpù jáde. Wọ́n á ki káàpù tuntun sí i. Dáì kejì á la ẹnu ìkarahun díẹ̀, ẹ̀tù á sì wọlé. Ẹ̀kẹta á tẹ orí ọta wọlé dé ibi tó yẹ kó jókòó sí, ẹ̀kẹrin á wá fún ẹnu ìkarahun mọ́ ọn. Lórí prẹ́ẹ̀sì olójú kan, dáì kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fi dáì àkọ́kọ́ ṣe gbogbo ìkarahun tán kẹ́ ẹ tó tú u, kẹ́ ẹ tó wé òmíràn bọ̀ ọ́. Lórí tọ́rẹ́ẹ̀tì, gbogbo dáì ti wà lójú ihò wọn lára irin róbótó kan, irin náà lẹ máa yí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀rọ progressive ni pé ìkarahun kan péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lórí progressive, ìkarahun mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wà lórí ẹ̀rọ pa pọ̀, ojú yín sì gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé tọ́rẹ́ẹ̀tì ni kó rà.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù, ẹni tó ń tún ọta ṣe fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa tà á gbọ́dọ̀ gbà á. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn kò fàyè gba kéèyàn máa ṣe ọta nílé. Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí irinṣẹ́ èyíkéyìí.

Lee Classic Turret àti Redding T-7

Àwọn méjì yìí ni mo fẹ́ fi wé ara wọn dáadáa, torí pé èrò méjì tó yàtọ̀ pátápátá ló wà nídìí wọn. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn ti mọ ibi tí gbogbo ìyókù wà.

Lee Precision tó wà ní Hartford, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló ń ṣe Classic Turret. Ìdí rẹ̀ jẹ́ irin dídà, òpó mẹ́ta ló gbé apá òkè dúró, tọ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ àwo pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin. Ọ̀pá onígun mẹ́rin kan tí wọ́n lọ́ bí okùn ló dúró gbọnrangandan láàárín ẹ̀rọ náà. Bí ràámù, òpó tó ń gbé ìkarahun wọ inú dáì, ṣe ń lọ sókè sódò lára ọ̀pá yìí, ọ̀pá ń yí, tọ́rẹ́ẹ̀tì náà ń bá a yí. Ẹ fa ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì wálẹ̀, ẹ dá a padà, dáì tó kàn ti dé ojú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ́ ẹ bá fà á, ọta kan ti parí, ẹ kò sì ní yọ ìkarahun kúrò ní ìdìmú rẹ̀ títí tí yóò fi parí.

Ẹ wá wò ó: dáì mẹ́rin, ihò mẹ́rin. Ọta ìbọn ìléwọ́ bí 9mm tàbí .38 Special bá a mu wẹ́kú. Tí ẹ bá lo dáì oníkábáìdì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ohun líle bọ inú rẹ̀, ìkarahun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún tààrà kò nílò òróró, nítorí náà kò sí ìdí láti dúró láàárín iṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lè ṣe nǹkan bí 150 sí 200 ní wákàtí kan láìkánjú. Lórí prẹ́ẹ̀sì olójú kan, 50 ní wákàtí kan ti dáa.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Nítorí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yí lọ síwájú, ó ṣòro kí ìkarahun kan ṣèèṣì gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì. Ìkarahun ọta ìléwọ́ máa ń fẹ̀ tó láti gba ìlọ́po méjì ẹ̀tù kan tó ń tètè jó láì kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìbọn tí wọ́n bá sì fi irú ọta bẹ́ẹ̀ yìn lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Lórí tọ́rẹ́ẹ̀tì àfọwọ́yí, kí ẹnì kan ṣáà pè yín nígbà tí ọwọ́ yín wà lórí ihò ẹ̀tù, kẹ́ ẹ dáhùn, kẹ́ ẹ padà wá, kẹ́ ẹ má rántí mọ́ bóyá ẹ ti fà á. Àfi kẹ́ ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. Lee kò gbà yín lọ́wọ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò o, ṣùgbọ́n ó dín ewu náà kù.

Ohun tó tún wù mí lára Classic ni pé ihò wà nínú ràámù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkú káàpù ń gba ibẹ̀ já bọ́ sínú rọ́bà gígùn kan tó wà nísàlẹ̀. Èérí káàpù ní òjé nínú, òjé kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kó máa fọ́n ká orí tábìlì téèyàn ń jókòó tì.

Redding T-7 ní tirẹ̀ wá láti Cortland, ìpínlẹ̀ New York. Irin dídà wíwúwo ni, tọ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn, bóòtù ńlá kan ló sì dì í mú ní àárín. Kò sí ọ̀pá tó ń yí i. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yí i títí yóò fi ta tó sì jókòó. Iye owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti Lee Classic lọ, tọ́rẹ́ẹ̀tì àfikún rẹ̀ náà sì wọ́n. Ti Lee kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni èèyàn ń fi ihò méje ṣe? Kì í ṣe láti fi ṣe ọta kan kíákíá. Ẹni tó ń ṣe ọta ráífù kò lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkarahun ráífù lọ́rùn, ó nílò òróró kó tó wọ dáì. Tó bá jáde, wọ́n á nu òróró náà kúrò, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á gé èyí tó bá ti gùn jù, wọ́n á fá etí rẹ̀ kó lè dán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni káàpù, ẹ̀tù àti orí ọta ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn. Iṣẹ́ náà ti dá sí méjì fúnra rẹ̀. Prẹ́ẹ̀sì tó ń yí ara rẹ̀ kò wúlò níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè máa bí yín nínú, torí pé dáì kan náà lẹ fẹ́ lò fún ọgọ́rùn-ún ìkarahun, òun sì ń gbé òmíràn wá.

Níbi tí ihò méje ti wúlò ni pé ẹ lè to dáì ìwọ̀n ọta méjì sórí tọ́rẹ́ẹ̀tì kan: mẹ́ta fún ti àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ti èkejì, kẹ́ ẹ wá fi ihò keje sí dáì tó ń ti òkú káàpù jáde nìkan. Wọ́n á máa gbé ibẹ̀, ìwọ̀n tẹ́ ẹ ti tò kò ní yí padà. Fún ẹni tó ń yìnbọn ráífù fún ìdíje tàbí fún ọdẹ, tó sì máa ń ṣe 40 tàbí 50 lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Àwọn tó kù

Lyman, ilé iṣẹ́ Connecticut tó ti wà láti 1878, ṣe T-Mag oníhò mẹ́fà, lẹ́yìn náà Brass Smith All-American 8 oníhò mẹ́jọ. RCBS náà ní Turret oníhò mẹ́fà. Àfọwọ́yí ni gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ T-7 ni wọ́n sì fì sí. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù nínú wọn, ẹ rà á, ẹ kò pàdánù ohun tó pọ̀. All-American 8 ló wù mí jù láàárín wọn, nítorí ihò mẹ́jọ túmọ̀ sí dáì mẹ́rin mẹ́rin fún ìwọ̀n ọta méjì láìfi ọ̀kankan sílẹ̀.

Lee tún ní Value Turret, àbúrò Classic. Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára rẹ̀, àyè inú rẹ̀ kò ga tó ti Classic, òkú káàpù rẹ̀ sì máa ń fọ́n ká. Ó ń ṣiṣẹ́ o, fún ọta ìléwọ́ nìkan. Owó tó fi dín sí Classic kò tó láti mú kí n dá ẹnikẹ́ni lámọ̀ràn pé kó rà á.

| Prẹ́ẹ̀sì | Ihò | Bó ṣe ń yí | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Lee Classic Turret | 4 | fúnra rẹ̀, a sì lè yọ ọ̀pá rẹ̀ | ìbọn ìléwọ́ púpọ̀, ráífù díẹ̀ |
| Lee Value Turret | 4 | fúnra rẹ̀ | ìbọn ìléwọ́ nìkan, owó kékeré |
| Redding T-7 | 7 | àfọwọ́yí | ráífù, ìwọ̀n ọta méjì |
| Lyman All-American 8 | 8 | àfọwọ́yí | ráífù àti ìléwọ́, dáì mẹ́rin mẹ́rin |
| RCBS Turret, Lyman T-Mag | 6 | àfọwọ́yí | bíi T-7, tí owó bá rọjú |

Ohun kan so gbogbo wọn pọ̀: ìwọ̀n kan náà ni ihò dáì wọn, ìdá méje nínú mẹ́jọ ínǹṣì tó ní eyín 14 nínú ínǹṣì kan. Dáì tẹ́ ẹ bá rà fún ọ̀kan á wọ èkejì. Nítorí náà, tí prẹ́ẹ̀sì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú, òun nìkan lẹ máa tà.

Ṣé tọ́rẹ́ẹ̀tì máa ń gbé sókè?

Ó máa ń gbé sókè. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ráífù fi máa ń dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ ra tọ́rẹ́ẹ̀tì nìyí, ó sì yẹ ká tú u palẹ̀.

Lórí T-7 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bóòtù wà ní àárín tọ́rẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni dáì tó ń ṣiṣẹ́ wà. Tí ràámù bá ti ìkarahun wọ dáì, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan tọ́rẹ́ẹ̀tì sókè, irin náà sì fẹ́ fì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń fi irin tì í láti ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n ṣe é nípọn. Lórí Lee, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn: wọn ò fi bóòtù kankan dè é. Àwo náà kàn jókòó sínú òrùka rẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mì ín, á máa rọ̀ lọ rọ̀ bọ̀. Ẹlòmíì á gbọ́ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á ní wọ́n ti ta ẹ̀rọ bàjẹ́ fóun.

Kò bàjẹ́. Bí ràámù bá ti tì í, àwo náà á gbéra, á sì fẹ̀yìn ti etí òrùka rẹ̀ lókè. Ibi kan náà ló máa ń fẹ̀yìn tì ní gbogbo ìgbà tí agbára tẹ́ ẹ fi fà á bá dọ́gba. Gígùn ọta kò mọ̀ bóyá tọ́rẹ́ẹ̀tì gbé sókè. Ohun tó mọ̀ ni bóyá ìwọ̀n tó fi gbé sókè báyìí yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó fi gbé sókè lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ lè wò ó fúnra yín. Ẹ lẹ geéjì aláago mọ́ fíréèmù prẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan etí tọ́rẹ́ẹ̀tì lápá tí dáì wà. Ẹ fún ìkarahun tí ẹ ti fi òróró pa, kẹ́ ẹ wo abẹ́rẹ́ náà. Á sún, bóyá ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Ẹ ṣe ìkarahun mẹ́wàá. Tí abẹ́rẹ́ náà bá ń dé ojú kan náà léraléra, ẹ gbé geéjì yín kúrò. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ síbí ó ń lọ sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ tó dá prẹ́ẹ̀sì lẹ́bi, ẹ wo òróró lára ìkarahun. Èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ á wọlé wẹ́rẹ́, èyí tó gbẹ á le, ìyàtọ̀ agbára yẹn sì máa ń ba ìwọ̀n jẹ́ ju tọ́rẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìdí tí mo fi ṣàlàyé gbogbo èyí ni pé ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ yí padà lára Lee ni mímì yìí. Wọ́n á lẹ téèpù, wọ́n á fi pélébé irin tín-ín-rín há a lábẹ́, wọ́n á tiẹ̀ lu ihò sí òrùka kí wọ́n lè wé síkúrù bọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń há lábẹ́ kò kan ibi tí àwo ń fẹ̀yìn tì lókè rárá. Tẹ́ ẹ bá sì há a jù, ọ̀pá kò ní lè yí i mọ́, ráṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike kékeré tó wà nídìí ọ̀pá náà, á sì jẹ.

Ohun tó yẹ ká yí padà

Ìdúró rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Prẹ́ẹ̀sì tó dára lórí tábìlì tó ń mì kò sàn ju prẹ́ẹ̀sì burúkú lọ. Ẹ má fi síkúrù igi dè é o. Bóòtù tó gba inú pákó já sí ìsàlẹ̀ ni, pẹ̀lú wáṣà fífẹ̀ tàbí pélébé irin lábẹ́ rẹ̀ kí nọ́ọ̀tì má bàa jẹ pákó wọlé. Etí tábìlì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wálẹ̀ kọjá ojú tábìlì. Mo fẹ́ràn kí wọ́n gbé irin ìgbéga sábẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ́ kéèyàn lè dúró ṣiṣẹ́ láìtẹ ẹ̀yìn ba, kí ojú rẹ̀ sì máa wo inú ìkarahun láti òkè. Àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà á gba ìgò tẹ́ ẹ máa ki rọ́bà òkú káàpù Classic bọ̀.

Lẹ́yìn ìdúró, iná. Gílóòbù LED kékeré tó tàn sínú ìkarahun ní ojú iṣẹ́ ni àtúnṣe tó kéré jù lówó, tó sì tóbi jù lérè. Inú ìkarahun dúdú ni, àwọn ẹ̀tù kan náà sì dúdú. Láìsí iná, ohun tẹ́ ẹ pè ní yíyẹ̀wò kàn jẹ́ ìméfò ni. Ọta tí kò ní ẹ̀tù rárá léwu bíi ti èyí tó ní ìlọ́po méjì: agbára káàpù nìkan lè ti orí ọta dé àárín ẹnu ìbọn kó sì há síbẹ̀, tí wọ́n bá wá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ẹnu ìbọn lè ya. Kí iná náà tàn, kí ojú yín sì wo inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kí orí ọta tó bò ó.

Ọ̀pá yíyí Lee wá ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe ráífù. Ẹ yí àwo díẹ̀ kó bọ́ kúrò nínú òrùka, ẹ fa ọ̀pá náà jáde láti òkè, ẹ dá àwo padà. Kò gba sípánà, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, prẹ́ẹ̀sì yín sì ti di àfọwọ́yí. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì lè máa yọ ọ́ kó sì máa dá a padà bó ṣe wù ú. Èyí ló mú kí n gbà pé Classic ló yẹ ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ.

Ráṣẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí ọ̀pá yìí ni ibi tí Classic ti lẹ́gẹ́ jù. Ike kékeré ni. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì dé ìdajì, tẹ́ ẹ yí ọkàn padà, tẹ́ ẹ dá a sẹ́yìn, tàbí tẹ́ ẹ fipá yí tọ́rẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn nígbà tó ti wọ eyín, igun rẹ̀ á jẹ. Wàyí o, tọ́rẹ́ẹ̀tì kò ní yí dé ojú rẹ̀ mọ́, ìkarahun á sì máa kọlu etí dáì. Kò wọ́n. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú prẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan máa ń wá èyí tí wọ́n fi irin ṣe. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí pé tí nǹkan bá há, ó sàn kí ike ẹlẹ́yọ owó kékeré jẹ ju kí ọ̀pá tàbí àwo jẹ lọ.

Ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì: ti Lee ṣeé fà gùn tàbí kúrú nínú ìdìmú rẹ̀. Ẹ tì í wọlé kó kúrú fún ọta ìléwọ́ kí ìrìn rẹ̀ má bàa pọ̀ jù, ẹ fà á gùn tẹ́ ẹ bá ń fún ìkarahun ráífù tó le. Orí ọwọ́ tó ń yí bíi rólà dára fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ máa ń dùn. Ó lè dà bí afẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fà á ní ìgbà 800 láti ṣe 200 ọta á mọ̀ ọ́n lára.

Kíki káàpù, ẹ lè ṣe é lórí prẹ́ẹ̀sì tàbí kẹ́ ẹ mú un kúrò níbẹ̀ pátápátá. Lórí prẹ́ẹ̀sì, bí ràámù bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni apá kékeré kan ń ti káàpù wọ ìdí ìkarahun. Ó yá, àmọ́ ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì gùn, agbára rẹ̀ pọ̀, ó ṣòro láti mọ̀ lára bóyá káàpù ti jókòó délẹ̀. Irinṣẹ́ àfọwọ́kì kékeré ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Fún 9mm, mo máa fi í sílẹ̀ lórí prẹ́ẹ̀sì. Fún ráífù, tí iṣẹ́ ti dá sí méjì tẹ́lẹ̀, mo máa fi ọwọ́ ki í, torí pé kò fi àkókò kankan ṣòfò.

Ìgbá ẹ̀tù, ìyẹn ohun tó ń wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun, tó jókòó lórí tọ́rẹ́ẹ̀tì nílò irin ìgbéga tirẹ̀ kó lè ga ju àwọn dáì tó yí i ká lọ. Ẹ mọ̀ pé tọ́rẹ́ẹ̀tì Lee máa ń ta gbì tó bá dé ojú rẹ̀, ìtagbì yẹn sì máa ń ki ẹ̀tù mọ́lẹ̀ nínú ìgbá. Ẹ̀tù oníhóró kéékèèké kò bìkítà, èyí tó rí bí igi kéékèèké ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń yà. Ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́wàá tàbí ogún àkọ́kọ́ kọjá kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ti dúró, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa wọn ọ̀kan nínú mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n. Iye ẹ̀tù gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ prẹ́ẹ̀sì rárá. Ìwé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù tàbí orí ọta tẹ̀ jáde lẹ máa tẹ̀ lé, láti ìwọ̀n tó kéré jù níbẹ̀ sì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Tọ́rẹ́ẹ̀tì àfikún wá ni ìdùnnú Lee. Ìwọ̀n ọta kọ̀ọ̀kan ní àwo tirẹ̀, àwọn dáì rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú ihò láéláé. Ẹ ṣọ́ òrùka ìdè dáì tẹ́ ẹ bá rà láti ilé iṣẹ́ mìíràn, torí pé ihò Lee súnmọ́ra, àwọn òrùka kan sì fẹ̀ débi pé wọ́n máa ń forí gbárí.

Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn

Ẹ má lu ihò sára fíréèmù. Ẹ má ki páìpù mọ́ ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì kó lè lágbára sí i. Tí ìkarahun bá le tó bẹ́ẹ̀, ó ti há ni, òróró ló kù díẹ̀, agbára àfikún á kàn fa ìdí rẹ̀ ya kúrò nínú dáì ni. Ẹ má yọ ohun ìdáàbòbò tó wà lára apá káàpù, ẹ má sì to káàpù tó pọ̀ ju èyí tí àwo rẹ̀ gbà lọ, nítorí tí ọ̀kan bá bú, ó lè ran àwọn tó kù. Ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lórí tábìlì nígbà kan, inú ìgò tó bá wá láti ilé iṣẹ́ ló sì yẹ kó máa gbé. Gíláàsì ojú kì í ṣe àṣàyàn. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

Tó bá jẹ́ tọ́kùnbọ̀ lẹ fẹ́ rà

Irin kì í tètè gbó, torí náà tọ́kùnbọ̀ dára púpọ̀. Ẹ gbé ràámù sókè dé òpin, ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Díẹ̀díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń kàn gbà-gbà, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Lára T-7 àti ti Lyman, ẹ yí tọ́rẹ́ẹ̀tì kọjá ihò kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fetí sí bó ṣe ń ta. Èyí tí kò bá ta, bọ́ọ̀lù tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ló ti lọ, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Ẹ mú dáì kan dání lọ, kẹ́ ẹ wé e bọ gbogbo ihò. Lára Lee tó ti pẹ́, ẹ ka ihò, torí pé wọ́n ti fìgbà kan ṣe oníhò mẹ́ta, dáì mẹ́rin kò sì ní gba ibẹ̀. Lára Value Turret, ẹ wo ìdí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa bóyá alumíníọ̀mù ti sán. Tó bá jẹ́ eyín ihò tọ́rẹ́ẹ̀tì Lee ló jẹ, ẹ ná owó rẹ̀ wálẹ̀ kẹ́ ẹ sì ra àwo tuntun. Tó bá jẹ́ ràámù tàbí fíréèmù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.